Ibi Kékeré ni Ẹ̀kọ́ Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ́ Ìmọ̀ Ìtọ́jú Igbó, Omi àti Ẹranko ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kíkọ́ ẹ̀kọ́ nípa igbó, omi, ilẹ̀ àti ẹranko ìgbẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín, torí àwọn òbí kì í fi bò fún wa: "Ṣé kò sí yunifásítì ńlá kankan tó gbà á ni?" Àfi bíi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni à ń sá wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ńlá bá tì mọ́ni lójú. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi kékeré ni ẹ̀kọ́ náà ti ṣẹ̀, ó nídìí, ìdí ọ̀hún kò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Jámánì. Ní agbègbè Saxony láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìwakùsà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Fàdákà ni wọ́n ń wà. Igi ni wọ́n fi ń dáná tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, igi náà ni wọ́n fi ń ti inú ihò kó má bàa wó lu àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, igi di ohun ọ̀wọ́n. Ọ̀gá kan nídìí iṣẹ́ ìwakùsà níbẹ̀, Hans Carl von Carlowitz, wá gbé ìwé kan jáde ní 1713, ó ní kí wọ́n má ṣe gé ju èyí tí igbó lè hù padà lọ. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o. Kì í ṣe ẹni tí ìfẹ́ ẹyẹ ń pa. Ọ̀gá ìwakùsà fàdákà ni, tí ọ̀wọ́n igi fẹ́ mú kí iṣẹ́ náà dúró. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó rò pé nítorí àánú ẹranko la ṣe wà níbí. Àánú dára, ṣùgbọ́n àìní ló bí ẹ̀kọ́ yìí, òun náà ló sì ń bọ́ ọ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n máa wá dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un, ibo ni wọ́n gbé e lọ? Heinrich Cotta, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ olùtọ́jú igbó, kó ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ sí Tharandt ní 1811, ìlú kékeré kan tí igbó yí ká. Ní 1816 ni ìjọba Saxony gbà á sọ́wọ́. Àwọn Faransé dá tiwọn sílẹ̀ ní Nancy ní 1824. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Dehradun ni, ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, ní 1878. Ní Amẹ́ríkà, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Carl Schenck ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní 1898 sínú igbó olówó kan ní North Carolina. Láàárọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá. Tó bá di ọ̀sán, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ á gun ẹṣin wọ inú igbó lọ wo ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Schenck kò pẹ́, wọ́n tì í ní 1913, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde níbẹ̀ kún ẹnu iṣẹ́ igbó Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Áfíríkà, ilé-ẹ̀kọ́ igbó ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ti ẹranko ìgbẹ́ ní Mweka, lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tanzania, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ti New Bussa, nítòsí ọgbà ẹranko Kainji, dé ní 1978.

Kò sí èyí tó tóbi nínú wọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ ni pé ẹni tó bá jáde nínú kíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ibi iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀kọ́ òfin lè wà níbi tí kóòtù wà, ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Ibi tí igbó àti omi bá wà ni tiwa máa ń wà, igbó kì í sì í sábà wà láàárín ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan tó dà bíi pé kò le rárá, kí ẹ rí ohun tí mò ń wí: wíwọn igi.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn bí igi ṣe sanra tó, ìyẹn ibi àyà àgbàlagbà. Amẹ́ríkà ń lo 1.37. Ẹ sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, á ní ó ti yé òun. Ó dáa, ẹ mú un dé ìdí igi tó hù sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ̀gbẹ́ wo ló máa dúró sí? Ẹ̀gbẹ́ òkè ni, torí tó bá dúró sí ìsàlẹ̀, ó máa wọn ìdí igi dípò ara rẹ̀, ìdí sì máa ń sanra ju ara lọ. Igi tó pín sí méjì kó tó dé àyà ńkọ́? Igi méjì ló máa kà á sí. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ògiri, tó ga ju èèyàn lọ ńkọ́? Àfi kó wá àkàbà, kó gun kọjá ibi tí gbòǹgbò náà parí sí, kó tó na téèpù, kó kun ọ̀dà síbẹ̀, kó sì kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó máa wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní ojú ibẹ̀ gan-an. Téèpù tó bá yí, tó bá dẹ̀, tàbí tó gba orí ìtàkùn kọjá, á fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un láìjẹ́ pé ẹni tó dì í mú mọ̀. Ọ̀pọ̀ igi ni kì í sanra tó sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ọdún kan. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ tí kò dúró lè gbé gbogbo ohun tí igi ṣe láti ọdún èṣí mì, kí ìwé sì máa sọ pé igi ń dàgbà nígbà tó jẹ́ pé ìtàkùn ni wọ́n wọ̀n mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó lè kọ́ èyí láti orí aga. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dúró tì í, kó sọ pé, "Gbé ọwọ́ òsì rẹ sókè díẹ̀, wo ẹ̀yìn igi." Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá bá wà, olùkọ́ á rí ọwọ́ gbogbo wọn. Níbi tí igba bá wà, ó di kí wọ́n wo fídíò. Èmi kò bá fídíò jà o, ṣùgbọ́n fídíò kì í rí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká tún gbé ti ẹja yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Báwo lo ṣe máa ka ẹja inú adágún tí o kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ọgbọ́n kan wà tí Petersen, ará Denmark kan tó ń ṣèwádìí ẹja ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fi lélẹ̀. Ju àwọ̀n, kó ẹja 40, fi àmì sí wọn lára, dá wọn padà sínú omi. Jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Padà wá, ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní o kó 50 lọ́tẹ̀ yìí, tí mẹ́wàá nínú wọn ní àmì. Ìdá kan nínú márùn-ún ló ní àmì nínú ohun tí o kó. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo adágún, a jẹ́ pé 40 tí o fi àmì sí jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹja ibẹ̀. Ẹja 200 ló wà níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàtẹ́wọ́ níbí yìí. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ni mo máa ń béèrè: tí àmì bá já lára àwọn kan ńkọ́? Tí ẹja tó ti kó sí àwọ̀n rí bá ti gbọ́n, tó ń sá fún un? Tí odò bá wọ inú adágún, tí ẹja àjèjì ń wọlé? Nínú méjì àkọ́kọ́, àwọn tó ní àmì á dín nínú àwọ̀n kejì, ìṣirò rẹ á wá sọ pé ẹja pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ ronú sí ohun tí ìjọba tàbí apẹja máa ṣe tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹja pọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, níbi tó tóbi ju adágún lọ fíìfíì. Ní etíkun Newfoundland ní Kánádà, ẹja cod ni wọ́n ti fi ń gbé ìlú ró fún ọ̀rúndún mélòó kan. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ara ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò iye ẹja tó kù ni bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń rí ẹja kó tó láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ náà ń rí kó, ìwé sì ń sọ pé kò séwu. Ohun tí wọn kò fi sí ìṣirò dáadáa ni pé ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń wá ẹja ń gbọ́n sí i lọ́dọọdún, àti pé ẹja cod máa ń kó ara wọn jọ sójú kan nígbà tí wọ́n bá ń dín kù. Ọkọ̀ tó bá ti mọ ojú ibẹ̀ á máa kó wọn bíi pé wọ́n ṣì pọ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, àwọn apẹja kéékèèké tó wà létí òkun ti ń pariwo pé ẹja kò wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́, èyí tó wá kò sì tóbi. A kò gbọ́ tiwọn. Ní oṣù Keje 1992, ìjọba Kánádà ní kí wọ́n dáwọ́ ẹja pípa dúró. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ní "a kò gbọ́ tiwọn" torí pé iṣẹ́ wa ni. Onímọ̀ ìtọ́jú ohun àlùmọ́ọ́nì ló ṣe ìṣirò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ yìí máa gbé níbi tó ti ń pàdé ẹni tó ń pẹja, ẹni tó ń gé pákó, ẹni tó ń dàko, kó tó di ẹni tó ń kọ ìwé nípa wọn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, kò síbi tí o máa sá gbà. Ẹni tí o máa wọn igbó rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ni o máa bá pàdé lọ́jà lọ́jọ́ kẹta, á sì bi ọ́ ohun tí o rí. Tí o bá fi èdè ìwé dá a lóhùn, á wò ọ́ títí.

Lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 1968, Garrett Hardin, onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ìparun ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, torí kálukú á máa kó tirẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àìlóǹkà akẹ́kọ̀ọ́. Elinor Ostrom, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, wá lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wo bí àwọn apẹja, àwọn àgbẹ̀ tó ń pín omi àti àwọn tó ń gbé lẹ́bàá igbó ṣe ń ṣe é gan-an. Ó rí i pé lọ́pọ̀ ibi, wọ́n ní òfin tiwọn: ẹni tó lè gé, ìgbà tó lè gé e, ìyà tó wà fún ẹni tó bá rú u, àti ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Níbi tí òfin náà bá ti ọwọ́ wọn jáde, ó máa ń pẹ́ láyé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2009, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ń kọ́ yín ní ti Hardin láìfi ti Ostrom kún un, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀yin òbí tó ń ronú pé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé ọmọ dé ibi gíga, ẹ gbọ́ ti àwọn obìnrin méjì. Rachel Carson lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin kékeré kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bá wọlé, ó fẹ́ di òǹkọ̀wé. Olùkọ́ kan, Mary Scott Skinker, kọ́ ọ ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, ó sì yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Ó jáde ní 1929. Ìwé tó kọ ní 1962 nípa oògùn apakòkòrò wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà fòfin de DDT, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìlò rẹ̀ ní 1972, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ìkejì ni Wangari Maathai, ará Kẹ́ńyà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ti ìjọ Àgùdà kan ní Atchison, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ló ti gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní 1964. Ní 1977 ó dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀, tí àwọn obìnrin abúlé fi gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30. Nígbà tó di 2004, ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà jẹ́ tirẹ̀. Méjèèjì ló tẹ̀ síwájú lọ sí yunifásítì ńlá lẹ́yìn náà o. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ibi kékeré ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe, torí pé olùkọ́ mọ orúkọ wọn.

Ó yẹ kí n sọ àléébù rẹ̀ náà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, olùkọ́ kan ṣoṣo lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀, ẹ̀kọ́ omi àti ẹ̀kọ́ òfin igbó pọ̀. Tó bá ríṣẹ́ síbòmíràn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló bá a lọ. Láàbù lè má ju yàrá kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ìmọ̀ àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ilẹ̀ dé gbòǹgbò lè má rí ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà. Tí ìwọ àti olùkọ́ kan kò bá sì gbọ́ra yín yé, kò síbi tí o fẹ́ yà sí, torí òun náà ni o tún máa bá pàdé ní sáà tó ń bọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ti láàbù lọ.

Ohun kan ti yí padà lórí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ṣá. Sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ lọ sójú òfurufú ní 1972, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, owó ni wọ́n fi ń ra àwòrán náà, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ló sì lágbára rẹ̀. Láti 2008 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan àti íntánẹ́ẹ̀tì lè fi àwòrán igbó kan ní 1990 wé ti ọdún yìí, kó rí ibi tí wọ́n ti gé, kó sì rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì lọ wo ohun tó hù dípò rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kejì yẹn ló ṣòro fún ẹni tó ń kàwé láàárín ìlú ńlá.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ti gbọ́ ti ẹja. Ìṣirò ibẹ̀ kò ju ìlọ́po àti pípín lọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń le sí i, kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó bá rò pé igbó ni òun máa sá sí kúrò lọ́dọ̀ òǹkà ti ṣi ọ̀nà gbà. Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ń fẹ́ ẹ: ẹ̀ṣọ́ igbó ń ka ipasẹ̀ ẹranko, ilé-iṣẹ́ omi ń wọn ìṣàn odò, àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó la títì tàbí kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀ ń kọ àbájáde tí adájọ́ lè pè wọ́n wá ṣàlàyé lọ́la.

Tí ẹ bá wá lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ilé tuntun àti ọ̀dà ògiri gbà yín lọ́kàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ilẹ̀ tiwọn, tàbí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni igbó tí wọ́n ń lò. Ẹ béèrè iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ síbẹ̀ láàárín sáà kan, kí ẹ sì bi akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè yunifásítì tó máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, tí kò sì ní ní kó tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́.

Èyí tí mo fi ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ igbó wọn wá: àwọn ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi kọ ìwọ̀n igi, iye ẹyẹ, bí omi ṣe ga sí. Aldo Leopold, onímọ̀ ìtọ́jú igbó àti ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, ra oko kan tó ti ṣá ní Wisconsin ní 1935, òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbin igi síbẹ̀, ó sì ń kọ ọjọ́ tí òdòdó kọ̀ọ̀kan tanná àti ọjọ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn olùwádìí mìíràn fi àkọsílẹ̀ náà wé ti ìgbà tuntun, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé ojú ọjọ́ ń yí padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ohun tí owó kò lè rà fún yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, kó bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí pẹ̀lú ìlà ilẹ̀ kan, téèpù kan àti ìwé tí òjò kò lè bà jẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́.